Epo Tí Mo Ní Mo Ti Dín

Ṣàà. Bẹ́ẹ̀ ni ata lílọ̀ máa ń ké nígbà tí ìyá wa bá dà á sínú epo gbígbóná. Ibi yòówù kí a ti máa ṣeré, ẹsẹ̀ wa á ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti kúrò nílé, síbẹ̀ bíi ti ìyá wa ni mo ṣì ń se ọbẹ̀ tòmátò: epo á léfòó, ẹran á máa lúwẹ̀ẹ́.

Ni ẹ̀jẹ̀ mi bá ń ru. Dókítà ní àfi tó bá wálẹ̀ kí òun tó gbà kí n wọkọ̀ òfuurufú lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó pọ̀n mí ti lé lọ́gọ́rin ọdún, mo sì fẹ́ fojú kàn wọ́n.

Wọ́n pè mí lórí fóònù. "Àbúrò mi, dín epo ọbẹ̀ ẹ."

"Mo ti ń dín in, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti ń hó lórí iná."

"Ṣé ẹja lo pe epo ni? Dín in kù ni mo wí, ìwọ aláṣejù yìí. Gbé fóònù sún mọ́ ìkòkò."

Mo gbé e sún mọ́ ọn, mo da ata sí i.

"Ariwo yìí, epo ife kan gbáko ló ń pa á."

Etí ni wọ́n fi wọn epo.

"Jẹ́ kí tòmátò, tàtàṣé àti àlùbọ́sà gbẹ nínú omi ara wọn. Ṣíbí epo méjì péré. Fi ẹja sí i, má dín in. Atalẹ̀ àti áyù ni kó o fi dípò iyọ̀ púpọ̀."

Láti ọjọ́ kejì, ìkòkò omi gbígbóná ni mò ń gbé fóònù sún mọ́. Wọ́n á ní, "Ó rọlẹ̀, ó dáa." Epo ń hó jẹ́jẹ́ lórí iná kejì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ mi. Ó tún ti lọ sókè. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi.

"Má bínú," ni wọ́n wí. "Bóyá ọbẹ̀ tí mo kọ́ ẹ ni ò dáa."

Ọ̀rọ̀ yẹn ta mí ju ata lọ. Mo dìde, mo se ọbẹ̀ náà bí wọ́n ṣe wí. Kí n má purọ́, ó dùn díẹ̀. Mo kọ àtẹ̀jíṣẹ́, mo pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí n tó fi èyí ránṣẹ́:

"Ẹ̀gbọ́n mi, omi lásán lẹ ń gbọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọbẹ̀ yín ò jẹ̀bi, èmi ni. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún mi lóṣù méjì sí i. Ẹ má tíì lọ síbì kankan o."