Kókó Méje Létí Kíjìpá

"Hajarat, níbo ni wajawaja aṣọ mi wà?"

Màmá Ìbítóyè gbé kíjìpá aláró náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wo etí rẹ̀ níhìn-ín, ó yí i padà, ó wo tọ̀hún. Hajarat ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Oṣù mẹ́ta péré ló ti ṣí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tirẹ̀ ní Òsí, ó sì rò pé ìyìn ló ń bọ̀.

"Mo ti bá yín gé e dànù, Mà. Òwú jákujàku ló kàn ń rọ̀ létí ẹ̀, àwọn kan tún ti lọ́ di kókó. Mo wá fi máṣíìnì pa etí ẹ̀ kó lè dọ́gbà."

Iṣẹ́ tí wọn ò rán an nìyẹn o! Kó rán ojú ibi tó tú láàárín aṣọ ni Màmá bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀mù, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbélẹ̀. Bó bá ti rí òwú tó ń rọ̀, sísọ́ọ̀sì ti dé ibẹ̀.

Màmá rọra jókòó sórí bẹ́ńṣì. "Àwọn ọmọ mi lo gé yẹn."

"Háà! Mà?"

"Ìyá mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ hun kíjìpá yìí nígbà tí mò ń relé ọkọ. Ó ní bí mo bá ti ń bímọ, kí n máa ta kókó kọ̀ọ̀kan sí wajawaja rẹ̀. Ọmọ laṣọ, àbí wọn ò sọ fún ẹ? Kókó méje ló wà níbẹ̀. Mẹ́fà ń bẹ láyé, mo dúpẹ́. Ẹnì kẹta ò lò ju ọjọ́ mọ́kànlá lọ." "Kò ní fọ́tò. Kókó yẹn nìkan ló kù tó ń jẹ́rìí pé mo bí i. Mo fẹ́ mú un wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú yìí tí wọ́n máa fi mí jẹ Ìyá Ìjọ."

Hajarat kúnlẹ̀ gbì. "Ẹ foríjì mí, Mà, ẹ wojú Ọlọ́run. Mi ò mọ̀ ni."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀." Màmá gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Kò tilẹ̀ mú aṣọ náà. Ká ní ó bú Hajarat ni, ì bá sàn.

Ọmọbìnrin náà sáré dé ìdí àpò tó ń kó àjákù aṣọ sí. Òfìfo! Ìyá Ameerah, tó ń rán ìrọ̀rí tà ní Ìlọ́fà, ti wá kó gbogbo rẹ̀ lánàá. Hajarat ti ilẹ̀kùn, ó gun ọ̀kadà.

"Ìrọ̀rí mẹ́jọ tí mo kì, tí mo rán pa, o ní kí n wá tú u?" Ìyá Ameerah pàtẹ́wọ́. "Ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ẹ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo ẹ̀ ni màá bá yín rán padà."

"Nítorí òwú?"

"Nítorí ọmọ ni." Hajarat bú sẹ́kún, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Ìyá Ameerah mú abẹ, ó fi ya ìrọ̀rí àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n tú èkínní títí dé ẹ̀kẹfà: léèsì, àǹkárá, fóòmù, kò sí nǹkan. Nínú ìkeje ni ọwọ́ Hajarat ti kan òwú líle kan. Ó fà á, ọ̀já wajawaja náà jáde lódindi. Aró! Ó ka kókó rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Méje pé géérégé.

"Alhamdulillahi!" Ariwo tó pa, ewúrẹ́ tó sùn sẹ́nu ọ̀nà fò dìde.

Láàárọ̀ Sátidé, ó tú ojú tó fi máṣíìnì rán kúrò létí aṣọ náà. Kò sí òwú ọjà tó lè bá aró yẹn mu, nítorí náà ó fa òwú díẹ̀díẹ̀ yọ nínú etí aṣọ náà gan-an, ó fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán wajawaja padà. Oníbàárà wá béèrè gáùn. "Ó di Mọ́ńdè," ló dáhùn, kò gbójú sókè. Ìrọ̀lẹ́ ló tó ṣíwọ́, ìka rẹ̀ ti wú. Kò ránṣẹ́ sí Màmá. Ó fẹ́ kí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó bá Màmá nílé nínú léèsì funfun. Ṣèyítán àbígbẹ̀yìn ń bá a wé gèlè, ojú ìyá náà sì fà ro. Hajarat kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé kíjìpá náà lé e lẹ́sẹ̀.

Màmá fi àtàǹpàkò ra etí aṣọ náà. "Ilésanmí. Ayọ̀kúnlé." Ó dé orí ẹ̀kẹta, ìka rẹ̀ dúró. Ó gbé kókó náà mẹ́rẹ̀kẹ́. "Ọmọ mi, káàbọ̀." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jágbe mọ́ Ṣèyítán: "Kí lò ń wò? Bọ́ léèsì yìí kúrò lára mi!"

Nígbà tí Màmá Ìbítóyè wọ ṣọ́ọ̀ṣì nínú aṣọ aláró yẹn, gbogbo obìnrin dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Ó yan gba àárín ìjọ lọ síwájú pẹpẹ, wajawaja ń fì lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ayọ̀ sì gba ojú rẹ̀ kan. Hajarat dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú híjáàbù rẹ̀, ó ń nu ojú.

Lẹ́yìn ìsìn, Màmá fọwọ́ pè é níwájú gbogbo ènìyàn. Ó tẹ̀ ba, ó mú òwú kan tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkeje, ó ta á ní kókó.

Àwọn ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìjọ! Ní ọjọ́ orí yìí, ẹ tún bímọ ni?"

"Mo bí," ni Màmá dá wọn lóhùn. "Hajarat lorúkọ ẹ̀, télọ̀ ni. Ẹ kó aṣọ yín wá fún un."