Ìgò Inú Pépà Búráùn

Ní Bàrígà, ohun tó o bá gbé dání, gbogbo àdúgbò ló ń bá ọ gbé e. Bó o bá ra ẹja, wọ́n ti mọ bó ṣe tóbi tó kó o tó délé. Bó o bá ra bíà, wọn á ní ẹ kú ìgbádùn, wọn á kọjá lọ, torí kí ni ojú ò tíì rí nínú ọ̀rọ̀ bíà? Ṣùgbọ́n bó o bá lọ fi pépà wé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ, háà, o ti fa ẹjọ́ sọ́rùn ara rẹ nìyẹn, kò sì sí lọ́yà tó máa gbà ọ́ sílẹ̀.

Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ni Bọ́dúndé fà sọ́rùn Folúkẹ́, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wá ṣe mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ gan-an.

Ọmọ Ládílák ní Bàrígà níbí náà ni Bọ́dúndé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà tó lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì búra pé níwọ̀n ìgbà tí ṣọ́jà bá ṣì ń ṣèjọba, òun ò ní padà wálé. Ọdún mọ́kànlá ló lò lọ́hùn-ún. Nígbà tí àwọn alágbádá gbàjọba ní oṣù karùn-ún ọdún 1999, kò jẹ́ kí oṣù kẹjọ parí tó fi sọ̀kalẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú báàgì méjì àti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu: Folúkẹ́ ni òun wá fẹ́. Gbogbo ọdún yẹn ni wọ́n fi ń kọ lẹ́tà síra wọn. Folúkẹ́ náà ò kúkú káwọ́ gbera dè é. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń di ìwé láàárín àwọn atẹ̀wé Ṣómólú, ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ṣùgbọ́n ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ọkùnrin yìí ló sì wà lọ́kàn rẹ̀. Ká má purọ́, ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni.

Bàbá Folúkẹ́ nìkan ló kù fún un. Bàbá Adéjìmí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú. Lójoojúmọ́, bí agogo márùn-ún bá ti lù, bàbá á gbé àga síwájú ilé, á ṣí bíà kan, ẹyọ kan péré, á máa mu ún díẹ̀díẹ̀ lójú gbogbo ayé, òun àti Àlàájì Mùtíù ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí kì í mu ju mínírà lọ ní tiẹ̀. Ìdérí ìgò bíà náà, bàbá kì í sọ ọ́ nù. Àpò ṣòkòtò ló ń jù ú sí, kì í tiẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó bá ń ṣe é. Folúkẹ́ ló ń kó wọn jáde tó bá fẹ́ fọṣọ, á dà wọ́n sínú agolo ńlá kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò bi í léèrè rí.

Lọ́jọ́ Ajé, Ìyá Toyibat tó ń ta búrẹ́dì ní kọ̀rọ̀ àdúgbò rí Bọ́dúndé níbi tó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ń mu nǹkan nínú ìgò tí wọ́n fi pépà búráùn wé láti ìdí dé ọrùn. Á mu díẹ̀, á wo ọ̀tún, á wo òsì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti di mẹ́ta. Àwọn kan ní ògógóró ni, pé ọ̀mùtí paraku ni. Àwọn kan ní àgbo ni, pé àrùn tí ò gbóògùn ló kó bọ̀ láti ìlú òyìnbó. Àwọn tí orí wọn gbóná jùlọ ní oògùn owó ni. Kò sí ẹnì kan, ẹ gbọ́ mi dáadáa, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ní bíà ni. Ta ló ń fi bíà pamọ́ ní Bàrígà?

Bàbá Adéjìmí gbọ́. Ó ní kí Bọ́dúndé wá kí òun ní Ọjọ́rú. Bọ́dúndé dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó jókòó sí pálọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì ń lọ dáadáa. Ó ń lọ dáadáa o! Àfi bó ṣe dìde, tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n yọjú síta díẹ̀." Ó jáde síwájú ilé níbi tí Àlàájì Mùtíù jókòó sí, ó fa sìgá yọ, ó ṣáná sí i, ó fẹ́ èéfín, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà."

Yéè! Mínírà há Àlàájì lọ́fun.

Kì í ṣe pé a kì í fa sìgá níbí. Lọ sẹ́yìn ilé ìwẹ̀ ilé èyíkéyìí, wàá bá ọ̀dọ́ kan tó ń fẹ́ èéfín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá ti wúkọ́ lásán, sìgá ti wà lábẹ́ bàtà nìyẹn. Mo mọ ọkùnrin ẹni àádọ́ta ọdún tó ká sìgá mọ́ àtẹ́lẹwọ́ títí tó fi jó o, torí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kọjá lọ. Ká fà á kò burú tó ká fà á lójú ẹni tó jù wá lọ.

Nígbà tí Bọ́dúndé lọ tán, Bàbá Adéjìmí pe ọmọ rẹ̀.

"Ohun tó yẹ kó gbé síta, ó ń fi pépà wé e. Ohun tó yẹ kó fi pamọ́, ó gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Irú èèyàn wo nìyẹn? Sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀ kí wọ́n má wá ní Sátidé mọ́. Mi ò fọmọ fún un."

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ti sọ̀rọ̀."

Folúkẹ́ wọ balùwẹ̀, ó sunkún níbẹ̀. Ó dùn ún wọ egungun. Nígbà tó sunkún tán, ó bọ́jú, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé ẹkún tó máa sun lórí ọ̀rọ̀ yìí ti tán. Òun máa fẹ́ Bọ́dúndé, bàbá òun ló sì máa fẹnu ara rẹ̀ kí wọn káàbọ̀ ní Sátidé. Kò sí èyí tó máa yẹ̀ nínú méjèèjì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bọ́dúndé wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Folúkẹ́ gbé búrọ́ọ̀ṣì gọ́ọ̀mù sílẹ̀, kò tiẹ̀ dáhùn kíkí.

"Kí ló wà nínú ìgò yẹn?"

"Ìgò wo?"

"Má fi mí ṣeré o, Bọ́dúndé. Ìgò inú pépà. Pépà mi náà sì ni! Ibí yìí lo ti mú un lọ́jọ́ Ajé, o ní o fẹ́ fi di nǹkan."

"Bíà ni."

"Bíà?" Folúkẹ́ ò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín ni àbí kóun gbá a létí. "Bíà lásán lo wé bí òkú ọmọ tuntun?"

Bọ́dúndé jókòó lórí òkìtì pépà. "Ọdún tí mo débẹ̀, mo ra bíà, mo ṣí i, mo ń mu ún lọ lójú títì bí ìgbà tí mò ń rìn lọ sí Onípanu. Ọlọ́pàá kan dá mi dúró. Mo rò pé ó fẹ́ kí mi ni. Mo ní kó wá mu níbẹ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Folúkẹ́, ó gbé e mì.

"Ó kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Àtìmọ́lé ni mo sùn lọ́jọ́ yẹn, Folúkẹ́, èmi tí mi ò jalè rí. Nílùú tí mo wà, o ò gbọ́dọ̀ mutí lójú títì kí ìgò hàn. Ẹni tó bá fẹ́ mu ún á wé e sí pépà, ọlọ́pàá á ṣe bí ẹni tí ò rí i. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń mu nǹkan níta, ara mi kì í balẹ̀ àfi tí mo bá wé e. Mo mọ̀ pé ilé ni mo wà. Ọwọ́ mi ni ò tíì mọ̀."

"Sìgá ńkọ́?"

"Òtútù ọ̀hún ló kọ́ mi. Mi ò fa sìgá rí kí n tó kúrò níbí, o mọ̀. Ìyá onílé mi ò gbà kí èéfín wọlé òun. Bí yìnyín ń já bí kò já, ìta la ti ń fà á. Mo rò pé mò ń bọ̀wọ̀ fún Bàbá ni, kí èéfín má bàa kan àga wọn."

"O wá lọ fẹ́ ẹ sójú Àlàájì."

"Mi ò ronú kàn án rárá." Ó di orí mú. "Wọn ò ní gbà mí gbọ́ mọ́. Jẹ́ ká kúkú lọ fọwọ́ sí ìwé ní kóòtù, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀."

"Rárá o." Folúkẹ́ gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ padà. "Mi ò ní gba ẹ̀yìnkùlé jáde nílé bàbá mi bí olè. Lọ́la, agogo márùn-ún, kó o wà níwájú ilé wa. Má mú sìgá kankan dání. Wá bá wa mu bíà."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Bọ́dúndé dé. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn. Bàbá Adéjìmí yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Folúkẹ́ gbé àga kan jáde, ó gbé e kalẹ̀ fún un.

"Ta ló ní kó jókòó?" ni bàbá bi í.

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ bínú sí mi tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n àlejò ni, ẹ jẹ́ kó mu omi ẹnu ọ̀nà kó tó lọ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

Folúkẹ́ ṣí mínírà fún Àlàájì, ó ṣí bíà fún bàbá, ó ṣí ọ̀kan fún Bọ́dúndé. Ó wá dúró, ó ń wo ọwọ́ wọn.

Ọwọ́ bàbá he ìdérí ìgò lórí tábìlì, ó jù ú sápò. Ojú bàbá ò kúrò lójú títì.

Ọwọ́ Bọ́dúndé náà ò ṣe méjì. Ó fa áńkáṣíìfù yọ lápò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wé e mọ́ ìgò, díẹ̀díẹ̀, láti ìdí dé ọrùn. Ìyá Toyibat na ọrùn níbi búrẹ́dì rẹ̀.

"Ẹ wò ó! Ẹ wò ó!" Àlàájì Mùtíù pariwo. "Ó tún ti bẹ̀rẹ̀! Ẹni tó bá ń mu ohun tó dáa kì í bò ó!"

Folúkẹ́ wọlé, ó gbé agolo ńlá jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì da gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì. Ìdérí ìgò ni, ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Wọ́n ń dún woroworo, òmíràn yí lọ sábẹ́ àga Àlàájì.

"Bàbá mi, ẹ má bínú sí mi. Kí ló dé tẹ́ ẹ ń kó àwọn yìí sápò?"

"Gbé ìdọ̀tí yẹn kúrò níwájú mi."

"Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ nígbà náà." Ó kọjú sí bàbá rẹ̀. "Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, nígbà tí ṣọ́jà ní gbogbo wa ò lẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n ń fìyà jẹ ẹni tó bá da ìdọ̀tí sójú títì, ẹ ju ìdérí ìgò kan sílẹ̀ ní Onípanu. Ṣọ́jà kan rí i. Ó ní kẹ́ ẹ fi ẹnu he é. Lẹ́yìn náà, ó ní kẹ́ ẹ máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́."

"Ta ló sọ fún ẹ?" Bàbá ti dìde dúró. "Ìyá ẹ ló sọ fún ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo wà níbẹ̀, Bàbá. Ilé ìwé ni mo ti ń bọ̀. Mo rí yín nílẹ̀, mo sì sá gba ọ̀nà míì lọ, kẹ́ ẹ má bàa mọ̀ pé mo rí yín."

Àlàájì Mùtíù gbé mínírà rẹ̀ sílẹ̀. Òun tó ti ń bá bàbá jókòó látọdún gbọ́nhan, kò gbọ́ èyí rí.

"Ṣọ́jà ti lọ," ni Folúkẹ́ wí. Omijé ti ń bọ̀, kò nù ún. "Wọ́n ti lọ láti oṣù karùn-ún. Ọwọ́ yín ò tíì mọ̀. Bọ́dúndé náà ju ẹ̀rù tiẹ̀ sápò bọ̀ láti òkè òkun ni. Wọ́n tì í mọ́lé torí ìgò bíà kan tó mu lójú títì, látìgbà yẹn ló ti ń wé e. Bíà ni, Bàbá. Ẹ tọ́ ọ wò."

Bàbá Adéjìmí na ọwọ́, ó gba ìgò inú áńkáṣíìfù náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mu ún lẹ́ẹ̀kan.

"Bíà ni," ló sọ fún Àlàájì. "Kò tiẹ̀ tutù."

Ó jókòó padà. Ó tú áńkáṣíìfù kúrò lára ìgò fúnra rẹ̀, ó ká a, ó fi lé Bọ́dúndé lọ́wọ́, ó sì gbé ìgò náà fún un ní ìhòòhò.

"Mu ún bẹ́ẹ̀."

Bọ́dúndé gbà á. Ó gbé ìgò sẹ́nu lójú Ìyá Toyibat àti gbogbo àdúgbò, ó sì mu ún.

"Ti sìgá yẹn," ni bàbá wí, "ẹ̀yìnkùlé ni. Bí mo bá wúkọ́, pa á."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ forí jì mí, sà. Ẹ̀yin náà, Àlàájì, ẹ forí jì mí."

"Folúkẹ́, sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé kí wọ́n má pẹ́ lọ́la o. Mi ò fẹ́ apẹ́lẹ́yìn."

"Mi ò kúkú tíì sọ fún wọn pé kí wọ́n má wá, sà."

Àlàájì Mùtíù rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Bàbá Adéjìmí ò rẹ́rìn-ín. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú ìdérí ìgò ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà jáde, ó wò ó lọ́wọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wá jù ú sójú títì. Ìdérí náà yí lọ, ó yí lọ, ó dúró létí gọ́tà.

Folúkẹ́ fẹ́ lọ ṣà á.

"Fi í síbẹ̀," ni bàbá rẹ̀ wí. "Kò sí ṣọ́jà kankan tó ń bọ̀."