Ọrùn Ìyáálé Mi

…kí ẹnikẹ́ni má sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Oòrùn a máa mú kí ọ̀dà rẹ̀ ṣá.

4. Má ṣe fi í ti ògiri. Má ṣe fi í ti àga. Inú àpótí ni ilé rẹ̀.

5. Bí o bá ti fọwọ́ kàn án, fi aṣọ òwú nu okùn rẹ̀. Òógùn ọwọ́ a máa mú okùn dípẹtà.

6. Aṣọ òwú nìkan. Rọ́bà kò gbọdọ̀ kàn án. Rọ́bà a máa jẹ ọ̀dà àtijọ́.

7. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, lu ike ọṣẹ níhò, fi fóòmù tó rin sínú rẹ̀, gbé e sínú àpótí. Igi náà a máa gbẹ bí ètè.

8. Má ṣe tún un kùn. Ohun tó bó, jẹ́ kó bó.

9. Ọrùn rẹ̀ ni kí o ṣọ́ jù.

[Ìwé tí ọkọ mi lẹ̀ mọ́ inú ìdérí àpótí gìtá rẹ̀ nìyí. Aáyán ti jẹ ìkíní àti ìkejì, wọ́n sì bu ìkẹta jẹ. Bóyá ibẹ̀ ló ti dárúkọ mi.]


10.

Mo bá nọ́ńbà rẹ̀ lọ. N kò mọ ibòmíràn tí èèyàn tún ti lè bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ni mo ti mọ̀wé kọ, mo sì ti ní ọmọ-ọmọ kí n tó mọ bí a ṣe ń kọ A. Bí adìẹ ṣe ń ha ilẹ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́. Ẹ bá mi fara dà á.


11.

Gìtá oníná ni. Ó pupa rí. Ní báyìí, ó ti dà bíi tíì tí wọ́n gbàgbé sínú ife.

Ọkọ mi ti rà á ní ọdún mẹ́ta kó tó fẹ́ mi. Ọjọ́ tí mo wọlé, orí ibùsùn ni mo ti bá a. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú ilé o, ìyáálé mi." Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní nìyẹn. Ìyáálé tí kì í jẹun, tí kì í fọ abọ́, òun náà ni wọ́n sì ń gbé lé itan ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.

Ọkọ wa ti kú, ó pé ọdún mẹ́sàn-án. Ó ku èmi àti ìyáálé.


12. Ẹ̀YÌN KÀLẸ́ŃDÀ

Sọ́ńdè. Ọmọ pè. Ó bèèrè gìtá. Orúnkún mi: kò bèèrè.
Sọ́ńdè. Ọmọ pè. Gìtá. Orúnkún: kò bèèrè.
Sọ́ńdè. Kò pè.
Sọ́ńdè. Ó pè. Gìtá. Gìtá. Orúnkún: ó bèèrè, nígbà tí mo kérora sí i létí.


13. ÈMI ÀTI ỌMỌ MI, LÓRÍ FÓÒNÙ

ỌMỌ: Màmá, gìtá ńkọ́?

ÈMI: Ó wà. Ó ní kí n kí ẹ.

ỌMỌ: Ẹ̀yin náà! Ṣé fóòmù inú ike yẹn ò tíì gbẹ?

ÈMI: Àná ni mo bomi rin ín.

ỌMỌ: Ẹ ò fi í ti ibì kankan?

ÈMI: Ṣé orí mi dàrú ni?

ỌMỌ: Ẹ má bínú. Irú ẹ̀ ò wọ́pọ̀ mọ́ láyé, Màmá. Mo máa wá gbé e.

ÈMI: Ìgbà wo?

ỌMỌ: Tí àyè bá ti yọ.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí àyè ti ń bọ̀ wá yọ.


14.

Mò ń gbálẹ̀ ni. Ó já bọ́ látorí ibùsùn.


15.

Irọ́ ni ìkẹrìnlá.

Ológbò ló tì í.

N kò ní ológbò.


16. ṢỌ́Ọ̀BÙ ATÚNGÌTÁṢE

(Mo gbé àpótí náà mọ́ àyà lọ síbẹ̀. Orúnkún mi ń ké, mi ò dá a lóhùn. Òwú ni ọkùnrin náà fi so ìgò ojú rẹ̀ mọ́ etí.)

ATÚNGÌTÁṢE: Yéè! Ta ló ṣe báyìí?

ÈMI: Ó ṣubú ni.

ATÚNGÌTÁṢE: Gìtá kì í dá ṣubú, Màmá. (Ó tan iná kékeré sí i.) Ọrùn ló sán yìí, abẹ́ orí gan-an. Ẹ ti fi gọ́ọ̀mù sí i?

ÈMI: Rárá o.

ATÚNGÌTÁṢE: Ẹ ṣeun. Àwọn tó ń fi gọ́ọ̀mù sí i kí wọ́n tó wá ló ń pa mí lẹ́kún.

ÈMI: Ṣé ó máa jinná?

ATÚNGÌTÁṢE: Á jinná. Á sì kọrin. Àmọ́ ojú àpá ò lè jọ ojú ara.

ÈMI: Bá mi kùn ún, kí ẹnikẹ́ni má rí àpá ọ̀hún.

ATÚNGÌTÁṢE: Tí mo bá kùn ún, mo ti bó ọjọ́ orí ẹ̀ dànù. Ọjọ́ orí yẹn ni iyì ẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó ń darúgbó tí wọ́n tún ń wá kiri nìyí.

ÈMI: Èmi ńkọ́?

(Ó gbé àga fún mi.)

ATÚNGÌTÁṢE: Ta ló ni ín?

ÈMI: Ọmọ mi. Bàbá ẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un.

ATÚNGÌTÁṢE: Kí ọmọ yín sọ̀rọ̀, Màmá, kí n tó fọwọ́ kàn án. Kó má sì pẹ́. Egbò tuntun ló ń tètè pàdé.


17. ÌWÉ TÓ KỌ FÚN MI

A gba: gìtá oníná kan, ti àtijọ́.
Ohun tó ṣe é: ọrùn sán.
Okùn: a ti dẹ̀ ẹ́.
Iṣẹ́: kò tíì bẹ̀rẹ̀.
À ń retí: ọ̀rọ̀ olóhun.


18.

Tí kò bá sí ìyáálé mọ́, kí ni ọmọ mi á máa pè mí fún?


19.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé.

Mo se oúnjẹ. Mo gbé ìyáálé jáde nínú àpótí, mo gbé e jókòó sórí àga ọkọ wa, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti àga, kí ojú wa lè ko ojú. Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́.

Mò ń jẹun, mò ń sọ tẹnu mi. Mo sọ ọ́ débi tó pa èmi fúnra mi lẹ́rìn-ín. Mo fọwọ́ gbá tábìlì.

Ó yọ̀.

Orí rẹ̀ ló kọ́kọ́ balẹ̀. Gbogbo okùn rẹ̀ ké lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí gbogbo wọn ti dún pọ̀ kẹ́yìn.

Kí n má purọ́: kí n tó sunkún, mo kọ́kọ́ tẹ́tí.


20. ÀTẸ̀JÍṢẸ́

Ọmọ mi, gìtá wà dáadáa.
— mo pa á rẹ́

Ọmọ mi, orúnkún ń dùn mí.
— mo pa á rẹ́

Ọmọ mi, mo ti ṣẹ́ ìyáálé lọ́rùn. Èmi ni, kì í ṣe ológbò. Mo gbé e jókòó kó bá mi jẹun. Atúngìtáṣe ń retí ọ̀rọ̀ rẹ.
— ó ti lọ


21.

Sọ́ńdè. Kò pè.


22.




23.

Òní kì í ṣe Sọ́ńdè.

Fóònù ń dún. Orúkọ ọmọ mi ló wà lójú rẹ̀. Mò ń ro ohun tó máa kọ́kọ́ bèèrè.

Ó ṣì ń dún.

Mo ti mú aṣọ òwú. Mò ń nu ọwọ́ mi.