Kòtò Tí Wọ́n Sọ Di Òkè

Ojú Àwòdì mú débi pé, bó bá tẹjú mọ́ eṣinṣin lórí òrùlé ilé kejì, eṣinṣin náà á tọrọ gáfárà. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi gbà á síṣẹ́ kó máa túmọ̀ fọ́tò tí bàálù wọn ń yà lókè ilẹ̀ àwọn ará òdìkejì odò. Kò kúkú sí ogun. Àwọn olórí méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ ara wọn lọ́wọ́ ni, wọ́n rẹ́rìn-ín títí eyín fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ. Síbẹ̀, bàálù ò sinmi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá fọ́tò kan lára ògiri ọ́fíìsì: òkè rọ̀gọ̀dọ̀ rọ̀gọ̀dọ̀. Wọ́n kọ "ilé bọ́ǹbù" sábẹ́ ẹ̀. Àwòdì sún mọ́ ọn. Nídìí iṣẹ́ wọn, òjìji inú fọ́tò gbọ́dọ̀ ṣubú síhà ẹni tó ń wò ó. Bí wọ́n bá dorí ẹ̀ kodò, kòtò á wú bí òkè. Òjìji ti fọ́tò yìí sì kọjú sókè. Ó yí i padà. Kòtò ẹja ni! Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, tó lọ́kọ sí òdìkejì odò, ló ń gbẹ́ ẹ. Ó ti ròyìn ẹ̀ lórí fóònù títí ìpẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ hù sí Àwòdì létí.

"Ọ̀gá, ẹnì kan ti dorí ẹ̀ kodò o."

Ọ̀gá rọra ti ilẹ̀kùn. "Ṣé o rò pé torí ká lè ríran la ṣe ń rán bàálù? Ìdìbò ń bọ̀. Ẹni tẹ́rù bá ń bà ló ń wá olùṣọ́. Òkè ni."

"Kòtò ẹja ni, sà."

"Ta ló sọ pé ẹja ni? Ẹ̀gbọ́n ẹ? A mọ ohùn ẹ̀ dáadáa."

Àwòdì bi ara ẹ̀ léèrè. Ta ni ó ń jẹ́ "a"?

"Lọ́la, ìwọ lo máa ṣàlàyé fáwọn oníròyìn. Àbí kí n sọ pé amí la gbà síṣẹ́?"

Tó bá ní òkè ni, bọ́ǹbù lè bọ́ lu ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lórí. Tó bá ní kòtò ni, ó di ọ̀dàlẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo kámẹ́rà dà bí ojú ọlọ́pàá. Ló bá gbá fọ́tò náà mú, ó yí i bìrí. "Ẹ wò ó dáadáa. Kòtò ni!"

Ọ̀gá ò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò gbọ́ lẹ́nu ọmọ wa! Kòtò! Kí ni wọ́n fẹ́ fi pamọ́ síbẹ̀?"

Àwọn oníròyìn hó yèè.

Àwòdì sáré délé, ó gbé fóònù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fa omi sí kòtò yẹn lónìí, kó kún dẹ́nu! Omi á máa dán nínú fọ́tò, wọn ò ní lè pè é ní nǹkan míì."

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kò sí o?"

"Ẹ ṣáà fà á!"

Ẹnì kan wúkọ́ nínú fóònù. Kì í ṣe òun. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ẹ̀.