Ìrù Alágbàtọ́

Ìwé mẹ́fà ni Ìyá Ìgò kà. Ìgò fífọ̀ ló bá dé ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì kan, ibẹ̀ ló ti fi ojú àti ọwọ́ kọ́ ìyókù. Ọkọ rẹ̀ ni ọ̀gá yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́, àgbàlagbà tí í fi gbólóhùn mẹ́ta sọ ohun tí ọ̀rọ̀ kan tó sọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkọ yóò fẹ̀yìntì, àwọn aláṣẹ ilé ìwádìí yóò sì gba yàrá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún kò sì tíì yanjú. Hísítóònù ni purotéènì tí okùn àbùdá wa, ìyẹn DNA, ń wé mọ́, bí òwú ṣe ń wé mọ́ igi. Purotéènì mìíràn, alágbàtọ́ rẹ̀, ló ń gbé e dé ìdí okùn, tó sì yẹ kó jọ̀wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Alágbàtọ́ tiwọn kì í jọ̀wọ́. Ó di hísítóònù mú bí ahun ṣe ń di owó mú.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, oúnjẹ ọkọ ti tutù.

“Bàbá wọn, ẹ jẹun.”

“Ìbáṣepọ̀ àárín àwọn méjèèjì yìí díjú ju bí—”

“Kò fẹ́ jù ú sílẹ̀. Ó tán.”

Ọkọ rẹ́rìn-ín. “Ìyá wọn, o ò ní fi ẹ̀rín pa mí.”

Ó ti ṣi bọ́tìnnì ẹ̀wù funfun rẹ̀ dè. Ìyàwó ń tún un dè fún un nígbà tó tú àṣírí kan.

“Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ gé ìrù alágbàtọ́. Ẹ ní kò ní ìrísí kankan, ó kàn ń ràbàbà kiri, kò jẹ́ kí àwòrán yín dúró. Ẹ ní kí n da èyí tó ní ìrù nù. Mo ní mo ti dà á nù.”

“Ẹ̀n-ẹ́n?”

“Irọ́ ni. Ó wà nísàlẹ̀ firísà.”

Ọkọ wá àga, ó jókòó. Ìyàwó ò tíì parọ́ iṣẹ́ fún un rí.

“Kí ló dé tí o ò sọ?”

“Ẹ óò ṣàlàyé títí orí mi á fi fọ́. Èmi ni mò ń fọ ìgò. Ti onírù, omi lásán ló ń ṣí i kúrò lára ìgò. Èyí tí ẹ gé, àfi kí n fi búrọ́ọ̀ṣì ha á. Ohun tó ń lẹ̀ mọ́ ìgò báyẹn, ṣé hísítóònù ló máa jọ̀wọ́?”

Ọkọ dìde, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbẹ́ yìnyín firísà títí ó fi rí i. Òru ọjọ́ náà ni wọ́n fi dán an wò.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, àmì tí wọ́n ti ń wá hàn gedegbe lórí àwo ìdánwò: hísítóònù ti bọ́ sórí okùn. Ìrù jágbajàgba yẹn ló ń bá hísítóònù du àyè lọ́wọ́ alágbàtọ́, tó sì ń tì í kúrò nígbà tí okùn bá dé tòsí.

“Nítorí náà, a lè fi ìgboyà sọ pé agbègbè aláìnírìísí—” Ọkọ rí ojú ìyàwó rẹ̀. Ó húkọ́. “Ìrù ló ń jẹ́ kó jọ̀wọ́.”

“Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.”

Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì fi orúkọ ìyàwó ṣáájú tirẹ̀.

“Kí ló tún kù tí mo ní kí o dà nù tí o kò dà nù?”

“Bàtà yín tó ti já. Ẹ ò ní rí i.”

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkọ fi kọ́kọ́rọ́ lé àwọn aláṣẹ lọ́wọ́, kò bojú wẹ̀yìn. Ìyá Ìgò ló dúró pẹ́ díẹ̀. Ìgò kan kù nínú bàsíà, kò sì lè fi í sílẹ̀ láìfọ̀.