Ibi Tí Wọ́n Ti Ń Dúró Díẹ̀

4.
…nítorí náà ni mo ṣe fún Rodrigue ní kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ tí mo dá sílẹ̀. Òun ni àgbà nínú àwọn tí mo kọ́ ní karate. Èmi ni mo so ìgbànú dúdú mọ́ ọn nídìí. Ìyàwó mi, Hélène, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. N kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni.

Ó ní: "Bàbá, ẹ jókòó. Màá bá yín dì í mú títí ẹ ó fi dìde."

5.
Mo dìde.

6.
(Lára ògiri gbọ̀ngàn)

ẸGBẸ́ KARATE TUNTUN TI SAVÈ
OLÙDÁSÍLẸ̀: MAÎTRE RODRIGUE
Ẹ mú àwọn ọmọ yín wá.

Maître, olùkọ́: èmi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ àgádágodo.

9.
Ohun tèmi tí ó wà nínú ibẹ̀:
ẹní tí a fi ń kọ́ bí a ti ń ṣubú
àga Hélène, lẹ́bàá ilẹ̀kùn
àwọn ọmọ

10.
Edwige, ọmọ mi, fi fídíò wọn hàn mí. "Bàbá, ẹ wo ẹsẹ̀ wọn."

Kata ni wọ́n ń ṣe, ìjà tí à ń bá afẹ́fẹ́ jà létòlétò. Wọ́n ju ẹ̀ṣẹ́. Wọ́n fẹ́ yí padà.

Gbogbo wọn dúró díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí.

11.
Kò sí ìdúró nínú kata yẹn.

2.
Orúnkún mi ni. Alùpùpù ló gbé mi ṣubú lójú ọ̀nà Boni. Láti ìgbà náà, kí n tó yí, mo ní láti dúró kí egungun gbà fún mi. Àwọn ọmọ rò pé ẹ̀kọ́ ni.

Hélène nìkan ló mọ̀. Orí àga rẹ̀ ló ti ń rẹ́rìn-ín: "Bàbá Edwige, ẹ ò rí wọn? Ẹ ti sọ ọmọ ọlọ́mọ di arúgbó!"

12.
(Tẹlifóònù, Ọjọ́bọ̀)

RODRIGUE: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Maître.
ÈMI: Ta ni?
RODRIGUE: Èmi ni, Bàbá. Rodrigue.
ÈMI: Olùdásílẹ̀.
RODRIGUE: Bàbá, àwọn tó ń ṣe ìdánwò ìgbànú fún àwọn ọmọ ń bọ̀ láti Cotonou ní Sátidé. Ọ̀kan rí fídíò wa. Ó ní kí ni ìtumọ̀ ìdúró yẹn. Mo ní ìmí ni à ń kó jọ.
ÈMI: Kí ló wí?
RODRIGUE: Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí kò bá nítumọ̀, gbogbo àwọn ọmọ ló máa fìdí rẹmi. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ó nítumọ̀, àbí kí n yọ ọ́?
ÈMI: Ìwọ lo dá a sílẹ̀. Bi ara rẹ.

13.
Bí mo bá sọ, á yọ ọ́. Kò ní ku ohun kan níbẹ̀ tí ó fi hàn pé mo débẹ̀ rí. Tàbí pé obìnrin kan jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tí ó ń rẹ́rìn-ín.

Bí n kò bá sọ, àwọn ọmọ á fìdí rẹmi.

Wọn kò ṣẹ̀ mí.

14.
(Sí Rodrigue. Ọjọ́ Ẹtì. N kò tíì fi ránṣẹ́.)

Orúnkún mi ni

15.
Mo gbé tẹlifóònù sórí tábìlì. Mo lọ ti fèrèsé. Mo fẹ́ yí padà.

Mo dúró díẹ̀.