Kámẹ́rà Mọ́mì Ìyanu

Ọjọ́ Ajé ni kóòtù. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Ìdrís tó dé Ọ̀fà láti Èkó, òun àti ìgò atẹ́gùn kan ṣoṣo tí ọ̀gá rẹ̀ yá a. Iṣẹ́ rẹ̀ l'Ékòó ni kó máa wọ abẹ́ omi lọ ha ìdọ̀tí ara ọkọ̀ ojú omi. Nílé, wọn ò kà á kún iṣẹ́ gidi rí, àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ Sàláwù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣẹlẹ̀.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Sàláwù. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti wà látìmọ́lé. Ó ní òjò ńlá kan ló bo òun lójú lọ́nà Ìlemọ́nà, tí bọ́ọ̀sì fi yà kúrò lójú títì, tó já sínú kòtò ńlá tí àwọn afọ́kúta gbẹ́ sílẹ̀ láyé ọjọ́un, tí omi ti kún. Ó ní ojú fèrèsé lòun gbà jáde. Ẹni tó ni bọ́ọ̀sì ní irọ́ funfun báláú ni, pé ńṣe ló lọ ta ọkọ̀ òun. Kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kú sínú omi náà nítorí àtimọ òótọ́. Ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ sọ tirẹ̀, ó tún ń fi igi tayín: "Ẹ mú fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ náà wá. Bí kò bá sí fọ́tò, olè ni."

Nígbà tí Ìdrís lọ wò ó ní àgọ́ ọlọ́pàá, Sàláwù ti rù kan eegun. Ó di irin fèrèsé mú. "Èmi nìkan ló wà nínú ọkọ̀ o, Ìdrís. Èmi nìkan ni." Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í. Ìdrís ronú pé ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà kò mọ ohun tó ń sọ, ló bá gbé ọ̀rọ̀ náà tì.

Kámẹ́rà ló kù. Ẹni tó ń ta fóònù lọ́jà Owódé fi ọ̀rá kan hàn án, ó ní kó ki fóònù rẹ̀ bọ̀ ọ́, pé omi ò lè wọ̀ ọ́ láéláé, ló bá rì í sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì láti búra. Inú bí Ìdrís. Ṣé bọ́kẹ́ẹ̀tì ni kòtò tó jìn tó ilé alájà mẹ́ta? Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, omi á fún ọ̀rá yẹn pa.

Asiata, ìyá rẹ̀, ló rántí Mọ́mì Ìyanu. Olúbùkọ́lá lorúkọ rẹ̀, ará Èkìtì ni, Pólì ló ti ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹja, tó fi máa ń ya fọ́tò lábẹ́ omi, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Ìyanuolúwa, ni gbogbo àdúgbò fi ń pè é. Ó ti lé díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí ìyá àti ọmọ jà nítorí ọkùnrin, tí ọmọ fìbínú jáde nílé, tó sì pa fóònù. Wọ́n ní Àbújá ló lọ, pé bí inú rẹ̀ bá rọ̀, á padà. Láti ìgbà náà ni fóònù kì í ti í kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ràn wá lọ́wọ́," ni Ìdrís wí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ròyìn ohun tí Sàláwù sọ fún un, pé òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀.

Obìnrin náà kó kámẹ́rà méjì jáde. Ọ̀kan tóbi, ó ń rí ọ̀ọ́kán dáadáa. Èkejì ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó wà nínú àpótí kékeré kan tó mọ́ gaara bíi gíláàsì. "Kékeré yìí ni kóo mú. Omi kòtò á rú. Bóo bá dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ẹrẹ̀ lóo máa yà. Àfi kóo sún mọ́ nǹkan náà típẹ́típẹ́, èyí sì lè ti ìtòsí rí gbòòrò, gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀ ló máa kó. Má lo iná ara rẹ̀, ẹrẹ̀ lásán ló máa tàn. Ẹ̀gbẹ́ ni kóo ti fi tọ́ọ̀ṣì tàn án. Ṣé o rí rọ́bà tó yí ẹnu àpótí yìí ká? Irun orí kan ṣoṣo tó bá há síbẹ̀, omi ti wọlé nìyẹn." Ó fi kámẹ́rà náà lé e lọ́wọ́. "Ọlọ́run á yọ ọmọ ìyá rẹ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìdajì àdúgbò tẹ̀lé Ìdrís dé bèbè kòtò, kálukú pẹ̀lú ìmọ̀ràn tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ nínú wọn. Ó wọmi. Ọwọ́ rẹ̀ kan páànù ọkọ̀ náà kí ojú rẹ̀ tó rí i. Ẹ̀gbọ́n òun ò purọ́! Ṣùgbọ́n bó ṣe gbé kámẹ́rà sókè, ooru inú àpótí ti di ìrì nínú omi tútù náà, ojú gíláàsì ti funfun báláú. Ó yà á, ó tún un yà, kò rí nǹkan kan. Ó gòkè wá pẹ̀lú omijé lójú. Ìdajì atẹ́gùn rẹ̀ ti tán.

"Ìrẹsì!" ni Asiata kígbe. Òótọ́ ni, ta ni fóònù rẹ̀ ti bọ́ sómi rí lágbègbè yẹn tí wọn ò ri í mọ́ ìrẹsì? Wọ́n sáré mú ìrẹsì gbígbẹ wá. Ìdrís mọ̀ pé ohun tó yàtọ̀ ni wọ́n fi ń fa ìrì gbẹ níbi iṣẹ́ òun, ṣùgbọ́n Ọ̀fà kọ́ ni wọ́n ti ń tà á, ọ̀la sì ni kóòtù. Ó nu inú àpótí náà, ó da ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé sí i, ó dé e. Kò rí ìyẹ̀fun ìrẹsì tó lẹ̀ mọ́ rọ́bà.

Lẹ́ẹ̀kejì, gíláàsì mọ́ kedere. Ó lúwẹ̀ẹ́ lọ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, ó na tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ òsì. Ìgbà náà ló rí omi tó ń gun inú àpótí bọ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ìrẹsì ń léfòó lórí rẹ̀. Ó tẹ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta, kò dáhùn mọ́. Ó ti kú fin-ínfin-ín.

Nítorí náà, Ìdrís ò rí fọ́tò kankan lórí bèbè. Káàdì kékeré inú kámẹ́rà nìkan ló nù gbẹ, tó fi sáré lọ bá Mọ́mì Ìyanu bó ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ó wólẹ̀ fún un nítorí kámẹ́rà tó bà jẹ́.

"Dìde, jàre. A ṣì máa rí kámẹ́rà mìíràn," ni obìnrin náà wí. Ó ki káàdì bọ kọ̀ǹpútà rẹ̀, gèlè ṣì wà lórí rẹ̀.

Àwọn fọ́tò ìbẹ̀rẹ̀ funfun báláú. Lẹ́yìn náà ni èyí tó kẹ́yìn jáde. Nọ́ńbà ọkọ̀ náà hàn ketekete, láti orí lẹ́tà àkọ́kọ́ dé èyí tó gbẹ̀yìn.

"Alhamdulillahi!" Ìdrís bú sẹ́kún. Mọ́mì Ìyanu pàtẹ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, "Ọlọ́run mi, o ṣé o!" Ìdrís ti ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Dúró ná," ni Mọ́mì Ìyanu wí.

Ó fa fọ́tò náà wálẹ̀, ó mú un tóbi sí i. Lókè nọ́ńbà, iná tọ́ọ̀ṣì ti gba gíláàsì ẹ̀yìn kọjá wọnú ọkọ̀. Báàgì aláǹkárá aláwọ̀ ìyeyè kan wà níbẹ̀, ó ní bọ́tìnnì pupa mẹ́ta. Okùn rẹ̀ ṣì wà léjìká ẹni tó gbé e.

"Èmi ni mo fọwọ́ ara mi rán báàgì yìí fún Ìyanu," ni obìnrin náà sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kò kígbe. Ó yíjú sí Ìdrís. "Ẹ̀yin lẹ ní Sàláwù nìkan ló wà nínú ọkọ̀, àbí?"

Asiata ti gbé fóònù lọ́hùn-ún. "Ìdrís? Ìdrís, ṣé ẹ ti rí i?"

Ìdrís ò mọ èwo nínú àwọn ìyá méjèèjì ni kóun kọ́kọ́ dá lóhùn.